Ìkéde Kẹrin

Ìkéde kìíní: Fọlárìn Ṣóyẹmí
fẹ́ gbé Ọmọ́dárà Jíbówú níyàwó.
Ìgbà kejì tí à ń béèrè rèé.
Ìkéde kejì: ẹni tó mú aago ọwọ́ níbi ìjókòó akọrin,
kó jọ̀ọ́ kó dá a padà, a kò ní béèrè orúkọ.
Ìkéde kẹta: ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìkéde kẹrin.
Ẹ jẹ́ n nu awò ojú mi.

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ka ìkéde
nínú ìjọ yìí ní Ìwáyà,
ìwé kò gbọ̀n lọ́wọ́ mi rí.
Ẹ mọ̀ pé onígbáméjì wọ àdúgbò wa lẹ́yìn òjò Òkúdu.
Ẹ mọ̀ pé a sin ọmọ méjì.
Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé èmi, akọ̀wé yín,
ni mo kọ́kọ́ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ lórí fóònù,
ohùn ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí,
tó ní àwọn Ègùn orí omi ló gbé àrùn wá,
ẹja wọn ni kí á sá fún,
oògùn tí wolé-wolé sì ń dà sí kànga, májèlé ni.
Mo kọ "Olúwa, gbà wá" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀,
bí ẹni fi òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lu ìwé èké.

Àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.
Tèmi kò fọ́.
Ó pa.
Ó hu ìyẹ́, ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé,
kí n tó jẹun alẹ́ tán, ó ti dé Bàrígà,
ó sì ti padà bá mi láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú:
"Má fi ṣeré o, òtítọ́ ni."
Ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tú sílẹ̀ ló wá ń jẹ́rìí fún mi.

Nọ́ọ̀sì Adébọ́lárìn, tó ń jókòó ní ìlà ẹ̀yìn akọrin,
kò bú mi. Ó kàn bi mí:
"Bàbá Akọ̀wé, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"
Mo ní, "Wọ́n ní."
Ó ní, "Ṣé Ìwáyà ni Wọ́n ń gbé? Ẹ mú mi lọ sílé wọn."

Ó bu omi kànga ẹ̀yìn ilé ìsìn yìí
sínú ìgò kékeré, ó gbé e lọ sí Yábàá.
Èsì rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.
Inú kànga wa ni àrùn náà wà.
Tiwa.
Ṣáláńgá tí a gbẹ́ nígbà ìkórè èṣí ló ń jò sí i.

Àwọn àgbà ìjọ kan ní kí n má kà á.
Wọ́n ní Bíṣọ́ọ̀bù ló ya kànga náà sí mímọ́,
kí ayé má baà fi wá rẹ́rìn-ín.
N kò bá wọn jà. Wọ́n fẹ́ràn ilé yìí ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.
Nọ́ọ̀sì dá wọn lóhùn lórí ìkúnlẹ̀:
"Ẹ̀yin bàbá mi, mo gbàdúrà kí n tó sọ garawa sísàlẹ̀.
Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà náà ló fún wa lésì yìí."
Ilé pa rọ́rọ́. Ayùn Òkò-Bàbá nìkan ló ń ké lókèèrè.

Òfin kẹsàn-án kò yọ fóònù sílẹ̀.
Òfin kẹfà kò sì yọ kànga.

Lánàá, mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sẹ́nàmì.
Ẹja tó yan lọ́jọ́ Ajé ṣì wà lórí àtẹ, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.
Mo sọ fún un pé èmi ni.
Ó wò mí títí. Kò sọ pé òun dárí jì mí,
n kò sì ní dúró níbí kí n purọ́ pé ó sọ ọ́.
Ó wọlé, ó bu omi fún mi nínú kọ́ọ̀bù.
Mo rántí Olúwa létí kànga Samáríà,
tó tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin àjèjì.
Èmi kò tilẹ̀ tọrọ.
Sísè ló se omi náà; ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nítorí náà, a ti ti kànga. Ẹ máa se omi yín.
Ẹni tí inú bá ń ṣí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn,
ẹ má dúró de ìṣọ́ òru; a ó bá yín gbàdúrà lọ́nà.
Ọbẹ̀ ìkórè wa, ẹja Ìyá Sẹ́nàmì la ó fi sè é. Mo ti sanwó.

Ìkéde karùn-ún:
ẹni tó mú aago yẹn,
èmi ti jẹ́wọ́ tèmi.
Ó ku ìwọ.