Ìka Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kó ẹ̀rọ náà dé Òkè-Àgbò,
páálí mẹ́fà, ọ̀rá tó ń ta bí iyọ̀ nínú iná,
àti Ọ̀gbẹ́ni Asárè, ará Gánà, tí àjọ àgbáyé rán
kó wá kọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìdìbò bí a ṣe ń ka ènìyàn.
Bàtà rẹ̀ ti gba àwọ̀ ilẹ̀pa Ìjẹ̀bú-Igbó kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ó ní: "Ẹnìkan, ìka mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kì í purọ́."
A kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá Odùnúgà ló kọ́kọ́ jókòó.
Ó gbé àtàǹpàkò lé dígí: iná pupa.
Ó nù ún mọ́ ìró, ó tún gbé e lé e: pupa.
Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i,
pupa, pupa,
bí ojú ẹni tí èéfín ti ń ta láti òwúrọ̀.
Àádọ́ta ọdún lẹ́bàá agbada gààrí!
Ibi tí ilà ìka wà tẹ́lẹ̀ ti dán
bí igbá tí ó fi ń yan án.

"Ṣé ẹ̀rọ yín ní mi ò sí ni?"

Asárè ṣí ìwé ìlànà. Ojú ewé kọkànlá. Ó tún ṣí i.
Ó fi èdè Twi kùn sínú,
ni màmá bá fi Twi dá a lóhùn.

Kùmásì ni wọ́n bí i sí,
nídìí àtẹ ìlẹ̀kẹ̀ bàbá rẹ̀,
kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àlejò tí kò níwèé máa lọ.
Ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fi àtẹ sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò dé Ìjẹ̀bú.
"Níbẹ̀, ìwé ni mi ò ní. Níhìn-ín, ìka ni."
Ó rẹ́rìn-ín. Àwa ò lè bá a rín in.

Mo rò pé àlejò yóò gbèjà ẹ̀rọ rẹ̀.
Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, kò tètè dá a padà.
Ó wá yọ kálàmù, ó kọ nǹkan sí etí ìwé ìlànà
tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ sórí bébà dídán,
ó ní kí n fọwọ́ sí i, kí n kọ agogo.
Ó pe ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta. Ó tún pè é.
Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, fóònù létí,
òógùn ya àwòrán sí ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀.

Aago márùn-ún ku díẹ̀, wọ́n ní kí a ya ojú rẹ̀ dípò ìka.
Màmá tún gèlè ṣe.
Iná aláwọ̀ ewé.

Ènìyàn mẹ́tàlélógún ṣì wà lórí ìlà.
Mọ́kànlá nínú wọn, mo mọ agbada wọn.