Ẹ̀ka Tó So Mọ́

Oṣù kejì, ní Kakéti, ìrì dídì ṣì wà lórí òkè,
ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.
Màmá Pelagia kó àlùmágàjí olóògbé ọkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́:
"Tedore, wá bá mi gé ọwọ́ àjàrà,
orúnkún mi ti kọ̀, kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Mo lọ, mo sì gbọ́n lójú ara mi.
Èmi tí mo ń lu aago ìjọ,
tí mo ń gbálẹ̀, tí mo ń tan àbẹ́là,
tí mo mọ iye owó tó kù láti fi tún òrùlé ilé Ọlọ́run ṣe.
Orúkọ Olúwa kì í wọ́n lẹ́nu mi,
àmọ́ ó di ọdún mẹ́ta
tí mo ti bá A sọ̀rọ̀ kẹ́yìn
láìjẹ́ pé ẹnìkan ń gbọ́ wa.

A gé e, a gé e.
Ẹ̀ka ń já lulẹ̀ bí irun níwájú onígbàjámọ̀.
Mo ṣa ọ̀kan níbẹ̀, ó gùn, ó ń dán,
mo kì í bọ korobá omi lójú fèrèsé mi.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yọ ewé.
Mo ń fi han àlejò: ẹ wò ó, kò sí nílé, ó sì ń tutù!
Nígbà tó yá, ó rọ, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀.
Pelagia wò ó, ó mi orí:
"Oúnjẹ tó gbé láti ilé ló jẹ tán."

Nínú ọgbà, ojú ọgbẹ́ àjàrà ń ṣomi,
tó, tó, tó, sórí erùpẹ̀.
Mo ní ó ń sunkún. Ó ní rárá,
omi ló ti ìsàlẹ̀ dìde, ó ń wá ọ̀nà.

Oṣù kẹfà, yìnyín já lọ́sàn-án gangan,
ó tó ẹyin ẹyẹlé,
ó lu ọgbà náà bí ẹní lu èèpo erèé.
Nínú ìkòkò wáìnì mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀,
kò sí èyí tí yóò kún lọ́dún yẹn.
Mo dúró kí n gbọ́ bí yóò ṣe ráhùn.

Àkàrà ló gbé jáde láti inú ààrò.
Ó ní kí n bá òun gbé fìtílà,
ibà ti dá Zurabi dùbúlẹ̀.
Zurabi! Ẹni tó sún òkúta ààlà,
tó wọ́ ọ lọ sílé ẹjọ́ fún ọdún mọ́kànlá!
Ó bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó fọ àwo rẹ̀.
Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri, kò lè wò ó.

Lójú ọ̀nà mo bi í: níbo lo ti rí i?
"Mo bínú dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọmọ mi.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti bá Olúwa jà lórí rẹ̀.
Mo máa ń jókòó ni, lórí àpótí lẹ́bàá ààrò,
Òun wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀.
N kò gbọ́ ohùn. Ẹsẹ̀ mi a máa kú tipiri.
Àmọ́ ẹ̀ka tó so mọ́ ló ń so;
ẹ má bi ẹ̀ka bó ṣe ṣe é.
Ohun tí mo gbé fún Zurabi, kì í ṣe tèmi."

Yìnyín kò rí èso yẹn lù.

Mo délé. Igi gbígbẹ ṣì wà nínú korobá.
Mo pa fìtílà, mo fa àpótí kan,
mo jókòó.
N kò rí ọ̀rọ̀ sọ, aago ìjọ tilẹ̀ kọjá lórí mi.
Ó pẹ́.
Lẹ́yìn náà ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi,
tó, tó,
bí àjàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.