Ará Ni Ara

Mo ti òṣùwọ̀n sábẹ́ ibùsùn,
mo kọjú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀.
Tẹ́lẹ̀, kí n tó fẹnu kan omi láàárọ̀,
òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí.
Á ka iye kan fún mi,
iye yẹn ni orúkọ tí màá jẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi Hilkka, tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ iléèwé
ní Kuhmo, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá
ti ń yọjú bí onígbèsè, tó tún yára wọlé.
Ọdún mọ́kànlá ni mi ò bá obìnrin kankan wọ ilé ooru.
Màá ní orí ń fọ́ mi. Màá ní ọkọ̀ bàjẹ́.
Nílẹ̀ wa, ta ló ń kọ ilé ooru?
Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí,
ibẹ̀ náà la ti wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú.

Dókítà, ọmọ kan tí mo ti fi bọ́ọ̀sì gbé rí,
wo èsì ẹ̀jẹ̀ mi, kò rẹ́rìn-ín.
"Ṣúgà ń kan ilẹ̀kùn yín. Kò tíì wọlé."
Mo délé, mo da búrẹ́dì dúdú sílẹ̀ fún ẹyẹ,
mo fi ebi na ara mi fọ́sẹ̀ mẹ́ta.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo dìde lóru,
mo jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ ọmọ mi
lórí ìdúró, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ṣíbí ìbubẹ̀.

Aune ló wá fà mí lọ́wọ́ jáde,
ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Kò bi mí bóyá mo fẹ́.
Nínú ooru, ó jù aṣọ ìnura sílẹ̀:
ọmú kan ṣoṣo, àpá bí ojú irin níbi èkejì,
ikùn tó gbé ọmọ mẹ́fà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé itan.
Ó da omi sórí òkúta, òkúta kígbe.
"Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn," ó ní. "O ń fi ooru ṣòfò."
Kò wo itan mi. Kò sẹ́ni tó wò ó.
Mo sunkún. Àmọ́ nínú ilé ooru,
ta ló lè mọ omijé yàtọ̀ sí òógùn?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì onígi,
àdúrà tí mo ti ń kà láti kékeré há mi lọ́fun:
oúnjẹ òòjọ́ wa.
Òòjọ́. Kì í ṣe ti àná tí mo ń kábàámọ̀,
kì í ṣe ti ọ̀la tí mo ń bẹ̀rù.
Ẹni tó ní ká tọrọ oúnjẹ
kò lè máa bínú pé mo ní ẹnu.

Mo dá búrẹ́dì padà sórí tábìlì. Ègé kan; nígbà míì, méjì.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àpótí lẹ́tà;
kí n tó padà, èémí mi ń súfèé bí kẹ́tù.
Nígbà tó yá, mo dé afárá.
Oṣù Kejì, mo yọ̀ ṣubú lórí yìnyín,
mo dùbúlẹ̀ fọ́sẹ̀ méjì, gbogbo ohun tó ti kúrò lára mi
padà wá, ó tún mú ọ̀rẹ́ dání.
Mo tún bọ bàtà.
Mo tún bọ bàtà.

Adágún ti yọ́ báyìí. Mo ń fẹsẹ̀ rìn yí i ká dé ilé Aune.
Má retí ìròyìn ìyanu lẹ́nu mi:
ihò bẹ́líìtì méjì péré ni mo fi sún wọlé.
Dókítà ní ṣúgà ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn,
pé ó ṣì ń lúgọ ní kọ̀rọ̀.
Ó dáa. Èmi náà ṣì ń rìn.

Ìwọ ara yìí, o gbé mi la ọgọ́ta ọdún òtútù já,
o bí ọmọ méjì, o wa bọ́ọ̀sì la ìjì yìnyín kọjá,
mo sì ń bú ọ bí ẹni tó ń lé àlejò.
Àṣé ará mi ni ọ́.

Lánàá, ọmọ ọmọ mi rí òṣùwọ̀n lábẹ́ ibùsùn.
Ó gbé ológbò lé e.
Ológbò wo iye tó yọ, ó yán,
ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jẹun.