Iye Tí Ẹ̀yìnkùlé Fi Kún Un

Múfútáù, alágbàtà tó mọ ilé gbogbo l'Ájàṣẹ́,
ló ní kí n má fi iwájú ilé yangàn.
"Iwájú, ìkíni lásán ni.
Ẹni tó fẹ́ ra ilé, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ tààrà,
ibẹ̀ lowó ti ń gòkè, ibẹ̀ náà ló ti ń wálẹ̀."
Ó tọ́ka sí igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ó tọ́ka sí ilé pẹ́pẹ́yẹ,
ó tọ́ka sí efinrin ìyá mi bí ẹni tọ́ka sí gbèsè.
"Ẹ gé e. Ẹ wó o. Ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ.
Mílíọ̀nù méjì á fò gun ẹ̀yìn iye tí mo dá lé e."

Mo pe Gbàdàmọ́sí ní Gàbọ́ọ̀n.
Owó dé lọ́jọ́ kẹta, kò fi sẹ́fà kan dín;
àbúrò tí kò lè wá sìnkú
nítorí owó ọkọ̀ òfuurufú.
N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo dúpẹ́.

Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ mi, mo ń kọ ọ́:
sìmẹ́ńtì, àpò méjìlélógún;
yanrìn etí ọ̀sà, ọkọ̀ méjì;
ẹni tó gé igi, ẹni tó kó igi;
Dósù bíríkìlà, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, oúnjẹ rẹ̀ lọ́tọ̀,
nítorí kì í jẹ nǹkan mìíràn àfi àkàsà gbígbóná.
Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà tí a tà, mo kọ ọ́ sí òdìkejì, "owó tó wọlé".
Òdìkejì yẹn kò kún.

Òkúta ìfọṣọ ìyá mi nìkan ló ṣorí kunkun.
Ọkùnrin mẹ́rin gbé e, ó ń wò wọ́n.
Dósù ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkúta yìí dàgbà ju ilé lọ,"
ó da sìmẹ́ńtì yí i ká
bí ẹni ń fi ìrọ̀rí ti aláìsàn lẹ́yìn.

Nígbà tó gbẹ, ó dán. Mo gbà pé ó dán.
Àwọn ará Ògánlá wá wò ó.
Ìyàwó ilé kejì bọ́ bàtà kó tó tẹ̀ ẹ́;
nígbà tó di ọ̀sán, ó sáré wá wọ bàtà rẹ̀.

Àkọ́rọ̀ òjò dé.
Omi tí ilẹ̀ máa ń mu láìsọ̀rọ̀
dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó rí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wọlé.
Mo ń fi abọ́ gbọ́n ọn láàárín òru,
mo ń bú Múfútáù, mo ń bú ara mi.
N kò bú Gbàdàmọ́sí. Owó rẹ̀ ni mo dúró lé lórí.

Oníbàárà kìíní béèrè ìwé ilẹ̀, kò wo ẹ̀yìn rárá.
Èkejì ti Kútọnu wá, ó ya fọ́tò, ó lọ nìyẹn.
Ẹ̀kẹta ni Rékíà, agbẹ̀bí ní Jásìn.
Ó fi gìgísẹ̀ gbá sìmẹ́ńtì, kó, kó, kó,
ó ní, "Èló ni n ó san fún ẹni tó máa fọ́ èyí?
Mo fẹ́ gbin nǹkan."
Ó ṣírò rẹ̀ lórí fóònù níṣojú mi,
ó yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé.
Múfútáù wòkè bí ẹni tí òrùlé pe orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Tiwa kò jó. Àwa la fọwọ́ ara wa sun ún,
a sì sanwó iná.

Iye tí Múfútáù kọ́kọ́ dá lé e la gbà,
ó tilẹ̀ dín díẹ̀.
Gbàdàmọ́sí pè lálẹ́: "Èló ni ẹ̀yìnkùlé fi kún un?"
Mo ṣí ìwé mi. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Ohun tí n kò sọ fún un:
láti ìgbà tí Rékíà dé títí a fi bọra lọ́wọ́,
orí òkúta ìyá mi ló jókòó sí,
ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á níbi tí ọṣẹ ti jẹ ẹ́ kòtò,
kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú owó.