Ìyá Elétí Gígùn

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mo fi ń bú ọmọ tó bá gọ̀.
Ẹnu yìí náà ni mo fi ń tọrọ wàrà rẹ̀ báyìí,
láàárọ̀ ọyẹ́, ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́,
ife onírin lọ́wọ́, ọmọ-ọmọ mi lẹ́yìn.

Oyèlàrán ò gba wàrà agolo.
Tó bá ti mu ún, ara rẹ̀ á sú bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́,
inú á kùn, á ké títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Ọmú ìyá rẹ̀ ti gbẹ.

Dàńládì nawọ́ sí abo tó so mọ́ ìdí máńgòrò.
Mo rẹ́rìn-ín.
“Ìyá, ó fẹ́ẹ́ jọ ti ènìyàn. Ó dùn, kò lọ́ràá,
kì í dúró sínú bí òkúta.”
Nọ́ọ̀sì ní òótọ́ díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀,
ṣùgbọ́n kí n sè é kó hó,
kí n má pè é lóògùn,
kí n sì máa gbé ọmọ wá sórí ìwọ̀n.

Ife ò kún. Kì í kún.
Àfi kí ọmọ rẹ̀ dúró tì í kí wàrà tó sun.
Mo wo ọmọ elétí gígùn yẹn, ojú tì mí:
oúnjẹ rẹ̀ la wá bá a pín.

Ó ṣàn bí omidùn.
Oyèlàrán mu, ó gùfẹ̀, ó sùn.
Ara rẹ̀ ń dán títí di alẹ́.
N ò mọ̀ bóyá wàrà ni, bóyá ọyẹ́ ló rọ̀.

Lọ́la, màá di èèpo iṣu lọ fún un.
Ẹ̀yin ará ilé,
mo ń wá èébú mìíràn.