Ewúrẹ́ Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n

Èmi ni mo pa ewúrẹ́ mi, n kò tètè mọ̀ ni.
Omi inú ọ̀rá ni mo ń tà lẹ́nu géètì,
àpò kan, ogún ọ̀rá, ó tutù dé eyín.
Oníbàárà á já etí ẹ̀, á tu ú dànù,
á fà á mu, á sọ ìyókù sílẹ̀,
afẹ́fẹ́ á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.
Èmi ò wẹ̀yìn. Owó ni mo ń kà.

Àárọ̀ ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná,
ikùn ẹ̀ wú bí olóyún ìbejì,
egungun ìhà ẹ̀ sì ṣeé kà.
Mo ní wọ́n sà á ni.
Mo tilẹ̀ ti dárúkọ ẹni tó sà á,
obìnrin ilé kejì, tí a jọ jà sí kànga lésìí.

Ràímì alápatà la inú ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀.
Ó kàn ń fà á jáde, ó ń fà á,
bí ẹni ń fa okùn kànga tí kò nísàlẹ̀:
ọ̀rá dúdú, ọ̀rá búrẹ́dì,
ọ̀rá omi tí wọ́n ya ẹyẹlé búlúù sí lára.
Ẹyẹlé yẹn ni mo ń tà.

A ti ń gbẹ́ ilẹ̀ kí Oyèníhùn tó dé,
ọmọ tí Kàmórù wẹ́dà lé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù
torí ó ń fi iná jó ṣíbí mọ́ ṣéènì
nígbà tí onígéètì ń dúró.
Ó ní, "Ìyá Jíire, ẹ má sin ọ̀rá yẹn. Ẹ fún mi."
Mo ní ṣé orí ẹ pé?
Ó ní ohun tí kò lè jẹrà,
ẹ̀ ń fi pamọ́ ni, ẹ ò sin ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òòlù ò jẹ́ ká sùn ọ̀sán.
Mo ń rí i tó ń wọ́ pàǹtí bọ̀ láti Tákìé.
Sàlẹ́ńsà ọ̀kadà mẹ́rin di ẹsẹ̀,
ṣéènì tó já di ọ̀pá ẹ̀yìn.
Agolo mílíìkì ló tẹ́ pẹlẹbẹ tó fi ṣe awọ.
Ìwo ńkọ́? Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bàbá pásítọ̀ àtijọ́,
tí àwọn ọmọ ẹ̀ dà nù ní ọ̀la ìsìnkú.
Ikùn nìkan ni kò bò.
Ó fi wáyà hun ún bí àgò adìyẹ,
ó kó ọ̀rá ewúrẹ́ mi sí i, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a,
ẹyẹlé búlúù ń yọjú láàárín wáyà
bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tí kò mọ ohun tó ṣe.

Wọ́n gbé e sí oríta.
Ẹnì kan ní òrìṣà wo lẹ gbé sójú títì?
Oyèníhùn ní, "Òrìṣà ń gbẹbọ. Èyí ti yó."

Ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn,
ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dárúkọ owó
tó lè ra ogún ewúrẹ́ tó ń ké.
Oyèníhùn wo ojú mi. Bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ti lanu bí ẹja.
Mo ní, "Tà á. Ṣùgbọ́n yọ ikùn sílẹ̀, tèmi nìyẹn."
Ọkùnrin náà ní láìsí ikùn, òun ò rà.
Ó bá tirẹ̀ lọ.
Ọmọ náà ò kí mi fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo ti so àpò mọ́ géètì báyìí.
"Ẹ dá ọ̀rá mi padà," ni mò ń wí,
wọ́n á ní ṣé aṣọ lẹ fẹ́ fi rán.

Lálẹ́, ewúrẹ́ àdúgbò a máa wá fi ara ha irin yẹn.
Ọmọ tí tèmi bí kẹ́yìn ń bá wọn wá.
Lánàá mo bá a níbẹ̀ tó kúnlẹ̀,
tó ń fi imú wá ọmú lábẹ́ wáyà.
Mo gbé e. Ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu.
Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fà á yọ.