Irọ́ Mẹ́ta sí Òtítọ́ Kan

Iṣẹ́ mi kò lórúkọ tí mo lè pè létí màmá mi.
Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, nídìí fèrèsé tí èéfín èédú ti sọ di aláwọ̀ eérú,
ní Bishkek, láti oṣù kẹsàn-án títí yìnyín yóò fi yọ́,
irọ́ ni mò ń kọ.
Irọ́ mẹ́ta sí òtítọ́ kan, fún ìdánwò àṣewọlé.
Emilbek ló ń kọ òtítọ́. Ìyẹn rọrùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Irọ́ tó dáa ṣòro í kọ.
Bó bá jìnnà jù, ọmọ á fò ó dá;
bó bá sún mọ́ òtítọ́ jù, ìgbìmọ̀ á dá a padà,
wọn á fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Èyí náà tọ̀nà o."
Nítorí náà mo máa ń yá ọ̀rọ̀ kan nínú àyọkà,
ọ̀rọ̀ tójú kì í fò, "odò tó dì", "ẹṣin baba wọn",
mo wá gbé e sínú gbólóhùn tí kò bí i.
Ọmọ tó ń kánjú á rí ojú tó mọ̀,
á kí i, á sì bá a lọ.
Ìgbà mìíràn, mo máa ń kọ ohun tó jẹ́ òótọ́ láyé
ṣùgbọ́n tí àyọkà kò sọ.
Ọmọ tó gbọ́n nìyẹn ń gbé ṣubú jù.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ àbúrò mi pè láti Naryn.
Nurzat. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohùn bí ìgò tó fẹ́ là.
"Àǹtí, mo ka àyọkà lẹ́ẹ̀mẹta,
kí n tó dé ìdí ìbéèrè, gbogbo rẹ̀ ti jò dànù.
Kí ni kí n ṣe?"

Mo ti tọwọ́ bọ̀wé. Ìwé ọ̀hún wà nínú àpótí irin:
n kò gbọdọ̀ sọ ohun tí mo mọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ mi.
Mo bi í bóyá àgùntàn ti bí.
Ó ní méjì. Ó ní ọ̀kan kú.
"Báwo lo ṣe mọ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án?"
"Ìyá rẹ̀ ò wò ó mọ́."
"Ta ló sọ fún ọ?"
"Kò sẹ́ni tó sọ. Mo rí i ni."
"O rí i. O lè fọwọ́ tọ́ka sí i?"
"Àǹtí, ẹ̀yin náà!"
"Èyí tó ò bá lè fọwọ́ tọ́ka sí, má mú un."
Mo pa fóònù kí n má baà sọ̀rọ̀ jù.
N kò mọ̀ bóyá mo ti sọ̀rọ̀ jù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo padà sí ìbéèrè kẹrìnlá:
ìyá arúgbó kan ń gbé abọ́ kalẹ̀ lálaalẹ́
fún ọmọ tó lọ ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà.
*Kí ló wà lọ́kàn obìnrin yìí?*
Emilbek ti kọ tirẹ̀: *Kò fẹ́ kí àyè ọmọ náà pòórá nínú ilé.*
Mo kọ irọ́ àkọ́kọ́: *Ó ti gbàgbé pé ọmọ náà lọ.*
Mo kọ ìkejì: *Inú ń bí i sí àwọn aládùúgbò.*
Mo kọ ìkẹta: *Ó ń retí rẹ̀ lálẹ́ òní.*

Bírò mi dúró.
Talant àbúrò mi ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀.
Abọ́ rẹ̀ ń bẹ lórí tábìlì màmá wa ní Naryn,
aláwọ̀ búlúù, etí rẹ̀ ti ṣán,
Nurzat ló sì ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹun nínú rẹ̀.

Mo wá ibi tí àyọkà ti sọ pé kò retí rẹ̀.
Mo fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan.
Kò síbẹ̀.
Mo fi "dájúdájú" kún un,
kó lè di irọ́.